Táyà Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Gùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi lọ, Dei-Dei kò tíì di ọjà ńlá tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ yìí. Koríko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé wa wà létí ọ̀nà, a sì máa ń jí rí ìkùukùu tó bo ilẹ̀ bí aṣọ funfun. Àwọn obìnrin Gbàgyí á máa jáde látinú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, igi ìdáná léjìká wọn. "Sànnu," ni ìyá mi á fi Haúsá kí wọn. Wọ́n á ní, "Yauwa," ìkùukùu á sì tún gbé wọn mì. Bí ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe rí lójú mi títí dòní nìyẹn, bí ohun tí mo lá lálàá.

Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá. Wọ́n ń kọ́ Àbújá lọ́wọ́ nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀ fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá mi máa ń kó páànù, pákó àti yanrìn káàkiri, ibẹ̀ la sì ti ń jẹun. Àfi bí ọdún kan ṣe dé tí táyà tuntun wọ́n bí ojú. Ti ọkọ̀ bàbá mi sì ti jẹ tán, ó ń dán bí orí apárí. Bàbá mi gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní òun kò ní í fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ títí adìyẹ fi ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká palẹ̀ mọ́, ká padà sí Ọ̀ṣun. Ìyá mi á kàn máa ro ọkà rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà sí wa. Bàbá kan tó wá láti Ìkirè ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa sọ táyà tó ti jẹ di ọ̀tun. Bàbá Onírọ́bà là ń pè é. Á fi ẹ̀rọ há ojú táyà àtijọ́ kúrò, rọ́bà á máa kù bí èlùbọ́ dúdú, á bà lé irun rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi rọ́bà tuntun wé e, á gbé e sínú irin gbígbóná. Bí táyà náà bá jáde, ilà á ti wà lójú rẹ̀, ilà jíjinlẹ̀ tó gún régé. Èmi rò pé ilà ìlú ni ó ń kọ fún wọn. Mo máa ń wòye ìlú tí táyà kọ̀ọ̀kan ti wá.

Bàbá mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Wọ́n jọ máa ń ta ayò nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ táyà rẹ̀ sétí. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó kú kí wọ́n tó bí mi. Táyà ọkọ̀ tó ń wà ló bẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹnì kan ti fi rọ́bà tuntun bo táyà ọ̀hún, kò sì wo inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò dárúkọ àbúrò rẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ló lọ bá Bàbá Onírọ́bà sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà wá sílé wa, ó jókòó, kò sì mú ọpọ́n ayò dání.

"Àbúrò," ó wí fún bàbá mi, "kó àwọn táyà yẹn wá kí n wò wọ́n. Wíwò kò pa ènìyàn."

Ó pẹ́ kí bàbá mi tó dìde. A yí wọn kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, èmi náà bá wọn tì. Bàbá Onírọ́bà ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó pa ojú dé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá inú rẹ̀ yí ká bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan níbẹ̀. Ó ya díẹ̀ sọ́tọ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ò ṣe é ṣe," ó ní. "Okùn inú wọn ti já. Bí mo bá fi rọ́bà bò wọ́n, mo ti fi ikú pamọ́ síbẹ̀ nìyẹn."

Bàbá mi ní, "Èyí tí mo rà kẹ́yìn wà nínú wọn."

"Mo rí i. Kò ṣe é ṣe."

"Àwọn tó kù wá ńkọ́?"

"Ojú wọn nìkan ló jẹ, ara wọn ṣì le. Wọ́n á tún rìn dáadáa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí o lò wọ́n sí o, má fi wọ́n síwájú."

Bàbá mi wo àwọn tí ó yà sọ́tọ̀ títí. Mo rò pé ohun tó tù ú nínú ni pé ọkùnrin náà lè sọ pé rárá. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi ṣe wọ́n. Màá wá owó ra tuntun síwájú."

Lọ́kọ́ja ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó kó páànù lọ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tó fẹ́ gbéra. Ó ní òun nìkan ni yóò lọ. Ìyá mi ti wé gèlè, ó ti fà mí lọ́wọ́.

"Bí táyà yìí bá dára fún páànù, ó dára fún àwa náà," ó ní. "Bí kò bá dára fún wa, ẹ má lọ."

Bàbá mi wò ó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

N kò lè ròyìn ọ̀nà náà tán. Òkè ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ìkùukùu, oòrùn ń ti ẹ̀yìn igi kan sáré lọ sí ẹ̀yìn òmíràn. Táyà ń kùn lábẹ́ wa bí olóógbò tó yó. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá jí, ọwọ́ ìyá mi wà ní èjìká bàbá mi. Nígbà tó yá, mo rí Odò Ọya tó tẹ́ lọ salalu, tí n kò mọ ibi tí omi parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe dúró, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà náà, ó ń fi ọwọ́ kàn wọ́n bí a ti ń fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti rọ̀. A jókòó létí odò, a ń jẹ ẹja díndín, ó sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Ó ní bí àbúrò òun bá ń wakọ̀, á máa súfèé, kò sì mọ̀ ọ́n sú. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ pé mo ní bàbá kékeré rí nìyẹn.

A kò padà sí Ọ̀ṣun mọ́. Àwọn táyà náà rìn fún ọdún púpọ̀, owó iṣẹ́ wọn ni mo fi lọ sílé ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Lokogoma, ní Àbújá níbí, ni mo ń gbé báyìí, ọ̀nà dán, ọkọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba Durumi kọjá, mo máa ń rí táyà nínú gọ́tà, tí omi àti ẹ̀fọn ti gba inú wọn. Òmíràn, wọ́n ń dáná sun ún láti fi jó irun ara ẹran, èéfín dúdú á bo àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn ṣì le. À bá fi owó tí kò tó ti tuntun sọ wọ́n di ọ̀tun, à bá sì dín ìdọ̀tí kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀ la ń sáré rà, táyà tí a kò mọ ọ̀nà tó ti rìn.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé ẹni tó ra táyà lónìí kò mọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó ṣe é kò sì mọ ẹni tó máa gùn ún. Ní àárọ̀ tí à ń lọ sí Lọ́kọ́ja, Bàbá Onírọ́bà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró létí títì, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa títí a fi wọnú ìkùukùu lọ. Wọ́n ní kò kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan fi ti Lọ́kọ́ja dé, tó sọ fún un pé a ti gúnlẹ̀.