Àwọn Ìgò Tí Àbúrò Mi Kò Jẹ́ Dà Nù

Ọ̀gá Eṣinṣin ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi ọkùnrin, ó sì rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Òun ni ó ń bójú tó oko máńgòrò tí bàbá wa fi sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìdin ba èso jẹ́, alájàpá tó máa ń rà á lọ́wọ́ wa ní òun kò rà. Ẹbí wá sọ ọ́ gbangba pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, oko yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò bọ́ sọ́wọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bó ṣe di onípańpẹ́ nìyẹn. Ó kó ìgò oníke jọ, ó lu ihò sí wọn lára, ó rọ omi ọsàn kíkan sínú wọn, èyí tó ti fi ṣúgà àti oògùn kòkòrò pò, ó wá so wọ́n kọ́ ẹ̀ka igi. Eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú èso gbóòórùn dídùn, wọ́n wọlé, wọ́n kú. Títí dé ibẹ̀, n kò rí wí sí i.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ti kìlọ̀ fún un pé kí ó máa da òkú wọn nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa fi ìjẹ tuntun sí i. Ó kọ etí ikún. Ìgò tó kún bámúbámú ló fẹ́ràn. Bí àlejò bá dé, yóò mú un yí oko ká, yóò máa yan fanda lábẹ́ igi bí ẹni tó ti ogun dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo òkú wọn," ló máa ń wí. "Tí mo bá dà á nù, kí ni mo fẹ́ fi han èèyàn?"

Mo yínmú. Òkú ti bo ìjẹ mọ́lẹ̀, kò ta sánsán mọ́. Àwọn eṣinṣin tó wà láàyè ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, wọ́n ń lọ bà lé máńgòrò. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Àfi bí ẹni pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Alájàpá dé. Àbúrò mi fà á kiri ìdí ìgò. Obìnrin náà kò wò wọ́n. Ó já máńgòrò kan, ó fi ọ̀bẹ là á. Ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Ó la òmíràn, bákan náà ni.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ da inú ìgò yìí nù gbẹ̀yìn?"

"Mi ò dà á nù rí," ló fọ́nnu dá a lóhùn.

Obìnrin náà nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹbí fa oko lé mi lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìgò náà sílẹ̀. Ó wá dúró tì mí, ó fajú ro. Mo rò pé nítorí oko ló ṣe fẹ́ bẹ̀ mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀kan sílẹ̀, kí àlejò lè máa rí i."

Èyí tó kún jù ló nawọ́ sí. Òun ni mo kọ́kọ́ dà nù.