Dẹ́rẹ́bà Kejì Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé Mi

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí. Mùsùlùmí ni mí, ọtí ò kan ẹnu mi rí. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ta lórí títì Badagry. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó máa lọ, mi ò ní bá a jà.

Òfin iléeṣẹ́ wa ni pé dẹ́rẹ́bà kan kò gbọ́dọ̀ wa trélà ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Èèyàn méjì ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ tó bá ń ti Kánò bọ̀: ẹnì kan á máa wà á, ẹnì kejì á máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Orí ìwé nìyẹn o.

Bọ̀ọ̀dá Sẹ̀tọ́njí ni ẹnì kejì mi. Ọmọ Ègùn ni, ará Apá, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti kú. Oorun ló gbé e lọ lọ́jọ́ kan tó ń dá wakọ̀, ọkọ̀ sì wọ inú oko àgbọn lọ. Máníjà wa kò gba ẹlòmíì. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá náà ló ṣì ń kọ sínú ìwé ìrìnàjò mi, èmi ni mo sì ń fọwọ́ sí i fún un, bíi pé òun ló wakọ̀ nígbà tí mo sinmi. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ní ó ti rẹ̀ mí, máníjà ní, "Àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta." Mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí ìwé náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti ń wakọ̀ bọ̀ láti Kánò láti àná. Ojú mi pọ́n bí ata. Kí n tó dé Imeke, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá mi dúró. Ọ̀gá wọn yẹ ìwé mi wò.

"Ẹnì kejì yín dà?"

"Ó ń sùn lẹ́yìn, ọ̀gá."

Irọ́ tí a máa ń pa nìyẹn, wọn kì í sì í wò ó. Ọkùnrin yìí gun ọkọ̀, ó ká kọ́tìnnì tó bo bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ó parí. Àfi bó ṣe rọra dá a padà, tó sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ máa wà á jẹ́jẹ́ o, ẹ má jí bàbá."

Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi wú. Mi ò lè wẹ̀yìn. Mo ṣáà ń wakọ̀ lọ, mò ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì ń ṣì í kà.

Ìgbà tó yá, kọ́tìnnì mì. Mo gbóòórùn òróró àgbọn tó máa ń fi para.

"Àbúrò." Ohùn rẹ̀ ni, Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bí Ègùn. "Ìgbà tèmi ti tó. Bọ́ sẹ́yìn."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ sùn. Tó bá yá, ìwọ náà á wá gbà mí."

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kí n má purọ́, oorun yẹn wù mí ju ẹ̀mí mi lọ.

Nígbà tí mo lajú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ọkọ̀ ti wà nínú ọgbà wa ní Badagry, wọ́n páàkì rẹ̀ dáadáa, ẹrù ò dín. Mo bi mẹ́gáàdì tuntun tó wà lẹ́nu géètì pé ta ló wà á wọlé.

"Ṣebí bàbá tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn."

Mo ròyìn fún máníjà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní ṣé ẹrù pé.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òkú mọ́ tiyín. Bí oorun bá dé, ẹ páàkì, kódà bí wọ́n bá máa lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò rí i ṣe. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Lánàá, máníjà na ìwé ìrìnàjò ọ̀la sí mi. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Sẹ̀tọ́njí ló wà lókè báyìí. Tèmi ni wọ́n kọ sí ibi dẹ́rẹ́bà kejì. Mo fọwọ́ sí méjèèjì.