Bí Mo Ṣe Gbé Kámẹ́rà Múfú Lọ sí Ìṣẹ́yìn

Ìdájí ni mo kúrò ní Òkàkà, bí a ti kírun àsùbáà tán. Ìdáyátù, opó ọmọ mi, sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà tí Tíṣà Dèbórà aládùúgbò wa yá mi wà nínú báàgì mi, òun àti kámẹ́rà tí Múfútáù ọmọ mi rà kí ó tó kú: okùn dúdú gígùn, ojú kékeré bí hóró ẹ̀wà lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń tì í bọ inú páìpù láti wo ohun tó dí i.

Iṣẹ́ omi ni Múfú ń ṣe. Òun ló ri páìpù omi àlùwàlá mọ́ abẹ́ sìmẹ́ǹtì níwájú mọ́sáláṣí wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi dán ilẹ̀ náà. Omi ò wá mọ́ báyìí. Àlùfáà Bùráímọ̀ ní tó bá di ọ̀la, wọn óò fọ́ ilẹ̀ náà láti wá ibi tó dí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní òní. A ti ki kámẹ́rà náà bọ kọ̀ǹpútà nílé, a ò rí nǹkan kan.

Lásún ló wa ọkọ̀. Ọ̀nà dára títí a fi dé Ìpàpó. Lẹ́yìn ìyẹn, a bọ́ sínú kòtò, a jáde, a tún bọ́ sí òmíràn. Ó rí okùn náà, ó ní, "Ìyá Múfú, ṣé ejò lẹ gbé wọ ọkọ̀ mi?" Mo ní ejò tí kì í bu ni jẹ ni, kó máa wo iwájú.

Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní gáréèjì Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀kọ wọn kéré sí tiwa, owó rẹ̀ ló tóbi. Lọ́dọ̀ wa, a ó kí ara wa kára-ó-le kí a tó dárúkọ iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù Ṣèyí, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, "Kí ló ṣe é, Màmá?" ni ìkíni. Ó ki okùn bọ kọ̀ǹpútà. Ojú arúgbó kan yọ: èmi ni. Ó ní kámẹ́rà ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń wò mí yẹn, pé a ní láti yan èyí tí a fẹ́. Ó yan tiwa. Ìkùukùu funfun la rí. Ó yí bọ́tìnnì ara okùn, iná tàn lójú rẹ̀, ìkùukùu náà tún funfun sí i. Lọ́kàn mi, mo ti ń gbọ́ ìró òòlù lórí ilẹ̀ ọmọ mi.

Ṣèyí wá gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi tà á ṣì wà lójú rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, n ò mọ̀ pé òun ló dí i lójú. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Nílé wa, a kì í bọ́ náílọ́ọ̀nù lára ohun tuntun. Àga tí Múfú rà fún mi ṣì wọ tirẹ̀ sọ́rùn. Èyí tilẹ̀ le ju ti àga lọ, nítorí Múfú ò lò ó rí. Ṣèyí na ọwọ́ sí i.

Mo ní, "Fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni yóò ṣí i."

Mo fi èékánná hó o. Àtẹ́lẹwọ́ mi kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà ọwọ́ mi tóbi bí poro oko. Mo sunkún díẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà.

Mo padà dé kí wọ́n tó kírun àlàásárì. Ìdáyátù ti kámẹ́rà bọ ẹnu páìpù, àwọn àgbà rọ̀gbà yí kọ̀ǹpútà ká. Ewé dóńgóyárò ló kó ara jọ níbi tí páìpù ti tẹ̀, kò jìnnà sẹ́nu rárá. Wáyà la fi wọ́ ọ jáde. Omi tú yàà. Àlùfáà Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe àlùwàlá, ó dúró lórí ilẹ̀ tí ọmọ mi dán, ó ní, "Ìyá Múfú, ọmọ yín ṣì ń pọnmi fún wa."

Mo wọlé, mo bọ́ náílọ́ọ̀nù kúrò lára àga mi, mo jókòó. Ó rọ̀ ju bí mo ti rò lọ.