Bẹ́ẹ̀dì Hùmúàní

Ẹ̀gúsí ni Hùmúàní, ará ilé kejì mi ní Imaṣayì, ń tà láti ìgbà tí Rájí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó kó gbogbo ayé rẹ̀ gorí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ̀kọ, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ rédíò, ibẹ̀ náà ló ti ń gba àlejò. Bí mo bá lọ kí i, èèpo ẹ̀gúsí á lẹ̀ mọ́ mi nídìí délé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé obìnrin tí kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yìí kì í rí oorun sùn lóru. Ọ̀sán ló máa ń tòògbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Roheemat, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbé Nàfíù, ìkókó tó bí, lé e lẹ́sẹ̀, ó lọ pọn omi. Ìgbà tó fi máa dé, ìyá àgbà ti sùn lọ, ọmọ ti yọ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́run yọ ọ́, kò já bọ́. Roheemat gbé ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. N ò lè gbé e fún yín mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ń sùn lóru."

Hùmúàní sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. "Ìyá Suliat, kí ni mo tún ń ṣe láyé tí n ò bá lè pọn ọmọ?"

Mo bá a wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò, kó lọ gba oògùn oorun. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìbéèrè ló kù tó ń bi í.

"Màmá, ibo lẹ ti ń jẹun?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ̀gúsí ńkọ́?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni."

"Ṣé ẹ máa ń sùn lọ́sàn-án?"

"Mo máa ń rẹjú díẹ̀."

Mo ní, "Díẹ̀ kẹ̀? Díẹ̀ tìẹ máa ń dé ìrun Àlàásárì!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà ti di ṣọ́ọ̀bù. Kó kó gbogbo ẹrù kúrò lórí ẹ̀, kó má gùn ún àfi tí oorun bá ń kùn ún. Tí oorun ò bá gbé e, kó dìde lọ jókòó sórí àga. Kó má sùn lọ́sàn-án mọ́, kó sì máa jí ní àkókò kan náà láràárọ̀, ìbáà sùn, ìbáà má sùn.

Hùmúàní wò mí. "Mo wá oorun wá, ó ní kí n dìde?"

Èmi náà rò ó títí a fi délé. Mo rántí ìgbà tí ìyá mi ń pàlọ́ fún wa lábẹ́ òṣùpá: ọmọ tó bá lérí pé òun ò ní sùn kí àlọ́ tó parí ni oorun máa ń kọ́kọ́ gbé lọ. Àbí ẹni tí kò wá oorun ni oorun ń wá? Ó wù mí kí n mọ̀.

A gbé ẹ̀gúsí wá síwájú ilé mi, nínú oòrùn àárọ̀. Tó bá fẹ́ tòògbé lọ́sàn-án, èèpo ni mo máa ń jù lù ú.

"Ìyá Suliat, o burú!"

"Ṣáà lajú."

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le. Ó ní àga ti mọ ìdí òun ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, n ò gbúròó rédíò rẹ̀. Mo sáré lọ kanlẹ̀kùn. Ó yọjú síta, ìlà aṣọ ìrọ̀rí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn bí ọlọ́pàá?"

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń rí i sùn bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọ̀sán rẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í tòògbé mọ́. Roheemat ń wò ó. Àfi bó ṣe gbé Nàfíù dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tòun ti ọ̀já.

"Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Hùmúàní pọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ tí ọmọ fi dákẹ́. Ìyá àgbà yí ọrùn sẹ́yìn, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ìyá Suliat, bá mi wò ó. Ṣé ó ti sùn? Báwo ló ṣe ń ṣe é?"