Ìdánwò Tó Gbà Kéèyàn Wẹ̀yìn Wò

Bí ẹ bá wọ ilé alájà mẹ́wàá kan, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, tí lífíìtì sì gbé yín gòkè jẹ́jẹ́, ẹ ò ní rántí pé ẹnìkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Èmi náà kì í rántí tẹ́lẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan onílé rẹ̀, títí kan ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínlógójì. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì wà nílé lọ́hùn-ún, ibi tó jìnnà.

Iṣẹ́ náà le, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n líle kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Inú kòtò gígùn tó wà láàárín ilé ni Ẹnjiníà máa ń wà, níbi tí lífíìtì àti okùn irin rẹ̀ ń gbà kọjá, ohùn àwọn ènìyàn á sì máa bá a níbẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ní àjà kejì, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ní àjà karùn-ún, ẹnìkan ń ròyìn ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe, àwọn yòókù ń pariwo, "Irọ́ ni!" Ẹnjiníà á rọra gbé sípánà sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Tó bá wá ṣí ilẹ̀kùn jáde, tòun ti gíríìsì lọ́wọ́, gbogbo wọn á dákẹ́ wẹ́lo.

"Ẹnjiníà, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ìdí rèé tó fi fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń darí òwò. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìgbéga lòun ń wá. Ìgbéga kọ́. Yàrá kan ló ń wá, níbi tí àwọn ènìyàn ti jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, tí ẹnìkan á sì yíjú sí i pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?" Ó dá wà, ó sì ti sú u.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé mú ọ̀kan nínú ìdánwò méjì. Èkíní, ìṣirò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni kọ̀ǹpútà ń gbé ìbéèrè wá: tí o bá ti dáhùn ọ̀kan, ó ti lọ nìyẹn, o ò lè padà sí i mọ́. Èkejì, ọ̀rọ̀ líle-líle ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè fo ìbéèrè kan, kó padà sí i, kó tún un ṣe, títí àkókò á fi tó. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì, wọ́n á gbà á.

Ẹnjiníà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìṣirò ló mú. Ọ̀gá rẹ̀ tún tì í lẹ́yìn sí i: "Ẹnjiníà wo ló ń lọ ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀? Wọ́n á ní o sá fún ìṣirò ni." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Èmi ò bá a wí púpọ̀. Òmùwẹ̀ náà lodò sábà máa ń gbé lọ.

Gbogbo Sátidé ló ń jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, á gbé aago síwájú, á dán an wò. Gbogbo Sátidé náà ló ń kùnà. Ìṣirò yẹn ò le fún un o. Ohun tó ń ṣe é ni pé tó bá ti rí ìdáhùn, á tún gba ọ̀nà mìíràn ṣe é kó lè mọ̀ bóyá ó pé. Tó bá pé, á tún ṣiyèméjì láti tẹ bọ́tìnnì, nítorí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn á tì lẹ́yìn òun. Kó tó mọ̀, aago á ti dún, ìbéèrè rẹpẹtẹ á ṣì wà nílẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá tún lífíìtì ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gùn ún lọ sókè, sódò, kí ẹlòmíì tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà á tún padà lọ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó ti fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá wẹ̀yìn wò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ohun tó rò ni pé ọpọlọ òun ti ń kú lọ. Ní Sátidé kan, ó da orí bo tábìlì, ó sunkún, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó tó.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"Ọkọ rẹ ńkọ́, lífíìtì onírin yẹn?"

"Bàbá, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀? Àna mi ni mò ń béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá.

"Dúró ná. Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé tí o bá ti ilẹ̀kùn tán, o máa fà á wò, tí a bá sì ti dé títì, o tún máa ní kí n dúró kí o sáré lọ wò ó?"

"Bàbá..."

"Kí lo wá ń wá nínú ìdánwò tí kì í jẹ́ kéèyàn wẹ̀yìn wò? Ṣé ìwọ lo fẹ́ ṣe ìdánwò ni, àbí orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́?"

"Wọ́n á ní mo sá fún ìṣirò."

"Kí wọ́n wí i. Mo wakọ̀ títí irun mi fi funfun, mi ò gba ọ̀nà tí mi ò ti lè yí ọkọ̀ padà rí."

Bí Ẹnjiníà ṣe pa ìwé ìṣirò dé nìyẹn, tó mú ìwé ìdánwò kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá ẹnìkan sọ, kì í pẹ́ lórí ahọ́n. Ló bá ń ka àwọn ọ̀rọ̀ líle náà sókè nínú lífíìtì tó bá ń dán wò. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí ní àjà karùn-ún, ó bá obìnrin méjì níwájú rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnìkankan, mà."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Jẹ́ ká gba àtẹ̀gùn," ni ọ̀kan sọ fún èkejì.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń lò. Tí wọ́n bá ń ròyìn ìyá ọkọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á dá wọn lóhùn láti inú kòtò, á gbèjà ìyá àgbà náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Wọn ò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí i lórí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n kó wọn sí yàrá kan, pákó kúkúrú là wọ́n láàárín, nǹkan ìdítí sì wà létí kálukú. Ẹnjiníà ṣe é tán kí àkókò tó tó. Ó padà, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó tún èyí tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pé. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó ti parí. Kò tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin ọwọ́ òsì rẹ̀ ń họ orí. Obìnrin iwájú ń mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí òun àti ènìyàn ti jókòó pọ̀ nínú yàrá kan, tí kò sẹ́ni tó dákẹ́ nítorí òun. Ó bá padà sí ìbéèrè kìíní. Kò ṣiyèméjì rárá. Kò kàn fẹ́ dìde ni. Bẹ́ẹ̀ ló jókòó títí ẹ̀rọ fi lé e, tí máàkì rẹ̀ jáde. Ó ju ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ lọ.

Ní ẹnu géètì, ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá ké, ó kọrin, ó gbàdúrà.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀? Gbé fóònù fún un, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn tí wọ́n jọ ṣèdánwò ti tú ká. Kò lè sọ fún bàbá pé kò sẹ́nìkan. Ó rìn lọ bá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ní kí n gbé fóònù fún yín."

Ọkùnrin náà gbà á, ó gbé e sétí. "Ẹ káàsán o, bàbá... A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run... Gbogbo wa la bá wọn yọ̀ níbí... Kò séwu, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó dá fóònù padà.

"Bàbá ní kí n má jẹ́ kí ẹ dá nìkan lọ sílé," ó wí, ó sì wo àga rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣeun."

"Ẹ kú oríire o."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè, ẹ̀ṣọ́ náà sì lọ ṣí géètì fún un. Ẹnjiníà fi fóònù sápò, ó gba ọ̀nà ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.