Ológoṣẹ́ Gbalé Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Ogójì ọdún ni Adéagbo fi ṣe káfíńtà ní Minna. Ìlẹ̀kùn tó kàn ní àdúgbò Nassarawa nìkan, òun fúnra rẹ̀ kò mọye wọn. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Barkin Sale, tí kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, takọtabo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fẹnu kó amọ̀ wá sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi mọlé náà, ó yọ ọrùn bí akèrègbè. Bí wọ́n ti parí rẹ̀ báyìí, ológoṣẹ́ méjì gbé koríko wọlé, wọ́n ń fẹnu ṣá àwọn onílé, wọ́n sì lé wọn jáde.

"Wọ́n ti gbalé onílé o!"

Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. "Ṣé kí n figi lé wọn ni?"

"Wọ́n á tún padà wá. Àwọn náà ń wá ibi tí wọ́n máa yé sí. Bá mi gbé ayùn wá."

Ọwọ́ òsì ló fi rẹ́ pákó. Ó fi òòlù gbá ara rẹ̀ níka lẹ́ẹ̀mejì, ó bú òòlù, ó tún gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, àpótí kékeré kan jáde, ihò kan wà níwájú rẹ̀.

"Kai, Baba! Ó mà wọ́ o!" Mùstàphá aládùúgbò wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí àkàbà, bó ti ń kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìn.

"Ológoṣẹ́ ò ní rúlà."

Kí àwọn ológoṣẹ́ tó yé ẹyin, Mùstàphá fi àkísà dí ẹnu ilé amọ̀ náà. Wọ́n fò yí ká, wọ́n bínú, wọ́n pariwo. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń kó koríko sínú àpótí. Mùstàphá yọ àkísà, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì padà sílé wọn.

Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mẹ́ta fò jáde, wọ́n tò sórí wáyà iná.

"Madalla!" Mùstàphá pàtẹ́wọ́. Adéagbo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, obìnrin kan wá láti Soje, ó ń béèrè bóyá Bàbá ṣì lè kan ìlẹ̀kùn.

"Ẹ gbé pákó wá," ni Adéagbo wí, ó sì dìde.