Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Wúrà

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọmú kan náà la jọ mu, mo sì mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ìjà ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìṣáná, torí pé èèyàn ò ní fara kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó gbiná. Ó ti fún oníbàárà kan lọ́rùn rí, nítorí pé ìyẹn gbé ìkòkò òdòdó lé orí dùùrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Awakọ̀ kan bá wa gbé dùùrù, ó ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ dùùrù náà gbá ògiri, ẹ̀gbọ́n mi sì gé e jẹ léjìká. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lára ọkùnrin náà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fara dà á títí, nígbà tó sú u, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò wá sílé ọkọ wá kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni kò bá ìyá rẹ̀ lọ, torí pé iṣẹ́ dùùrù ti wọ òun náà lẹ́jẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ kan igi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún dùùrù àtijọ́ ṣe, àwọn tí wọ́n fín ọnà sí lára látorí dé ẹsẹ̀, tí ikán ti wá ń jẹ, tí eyín erin tí wọ́n fi bo bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lára wọn sì ti ká tán. Bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wọlé, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa yí i po. Á wá rọra fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. "Ìwọ rèé? Ta ló fojú ẹ rí màbo báyìí?" Mi ò gbọ́ kó bá ọmọ èèyàn sọ̀rọ̀ báyẹn rí láyé mi.

Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ adájọ́ ló ni dùùrù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Wọ́n gbẹ́ igi àjàrà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èso rẹ̀ ṣù jọ bí ẹni pé kéèyàn já a jẹ. Pátákó iwájú rẹ̀ ní ẹyẹ méjì tó na ìyẹ́, wúrà ni wọ́n fi bo gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ó kàn ti ṣí dànù ni. Ẹ̀gbọ́n mi tú pátákó náà, ó gbé e wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun máa fi wúrà mìíràn bò ó.

Wúrà tí à ń lò fún irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀dà. Wọ́n ti lù ú títí tó fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí èèyàn bá sín, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, ohunkóhun tó bá sì tutù ló máa lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń ti fèrèsé, tó máa ń pa fáànù, tó máa ń sé èémí bó bá ń tẹ́ ẹ. Òfin wá ni fún gbogbo wa pé bí ilẹ̀kùn yàrá wúrà bá ti wà ní títì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án, ariwo kankan ò sì gbọdọ̀ jáde. Kápẹ́ńtà wa kan húkọ́ níta lọ́jọ́ kan, òòlù igi ni ẹ̀gbọ́n mi fi dá a lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó gbá a létí, ọmọ náà ṣubú, ètè rẹ̀ là. Látìgbà náà, bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti pa dé, ọmọ náà á bọ́ bàtà, á máa yọ́ rìn nínú ṣọ́ọ̀bù bí olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa fi wúrà bo àwọn ẹyẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ ń jiyàn lórí wáyà inú dùùrù náà.

"Bàbá mi, wáyà yìí ti dípẹtà," ọmọ náà ní. "Ẹ jẹ́ kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi. Bí mo bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan, ó lè já."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Fà á kó dún bó ṣe yẹ lónìí, àbí kí n fi sípánà yẹn là ẹ́ lórí!"

Ó wọ yàrá wúrà, ó tilẹ̀kùn. Èmi jáde lọ ra aṣọ tí à ń gé mọ́ orí òòlù kéékèèké inú dùùrù.

Ìgbà tí mo dé, ọmọ náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá wúrà. Wáyà kan ti já, ó ń mì lára dùùrù. Ó fi àkísà tẹ ojú òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin àkísà náà gbingbin, ó ti ṣàn wọ ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó fi eyín di apá aṣọ rẹ̀ mú kí igbe má baà jáde. Mo lanu kí n lọgun, ó sáré di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ku ẹyẹ kan. Ó máa tó parí."

"Láti ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Láti ìgbà tí Bàbá mi ṣì ń ṣe ẹyẹ àkọ́kọ́."

Mo fà á kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo ta ilẹ̀kùn náà nípàá, ó ṣí gbàgà, wúrà sì fò káàkiri yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún mi ní ìfọ́tí tí ojú mi fi ṣú. Mo mọ̀ pé àbúrò kì í na ẹ̀gbọ́n. Mo gbé àpótí ìjókòó, mo fọ́ ọ mọ́ ọn léjìká. Ó rọ́ mi mọ́ ògiri, ó fún mi lọ́rùn, ó tún gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè.

"Ẹ má jà mọ́," ọmọ náà wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ti mú àkísà kúrò lójú kó lè fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ wá. Wúrà tó ń fò kiri ń bà lé e lójú, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí sílẹ̀. Ó sáré lọ bá a, ó fẹ́ nu wúrà náà kúrò, àmọ́ bó ṣe ń nù ún ló ń tàn ká. Ó wá bú sígbe bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

Dókítà ní ojú òsì yẹn ti lọ. Ó ní ká ní a tètè gbé e wá ni, bóyá.

"Kí ló dé tó ò pè mí?" ẹ̀gbọ́n mi bi ọmọ náà létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn. "Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Ilẹ̀kùn wà ní títì, Bàbá mi."

Kò bínú sọ ọ́ o. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ibi tí iyọ̀ wà.

Àwọn ará àdúgbò ní Ìṣáná ti bọ́ sómi, pé kò gbiná mọ́. Òótọ́ ni, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà látìgbà náà. Wọ́n ń kí mi kú oríire.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà ń so wáyà tuntun mọ́ dùùrù ìyá adájọ́, ó dorí kodò, ó ń fọwọ́ wá nǹkan nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i pé pílaasì tó fi ń di wáyà mú ló ń wá. Ó mú un, ó rìn lọ bá a láti ọwọ́ òsì, níbi tí kò ti ríran mọ́, ó na ọwọ́ kó lè fún un. Ọmọ náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíá ló ti lọ sílẹ̀, ó ká jọ sábẹ́ dùùrù, ó fi apá méjèèjì bo orí.

"Pílaasì ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ọmọ mi, pílaasì lásán ni."

Ọmọ náà ò gbé apá kúrò lórí. Ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé pílaasì náà sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.